Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ààrẹ kóòtù ìbílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá: Ẹ kọ ohun tí owó ọmọ wà fún sílẹ̀

Sí ẹ̀yin ààrẹ àti ọmọ ìgbìmọ̀ kóòtù ìbílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó,

Ẹ̀yin olúwa mi, mo júbà ìjókòó yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Gbólóhùn kan wà tí wọ́n sábà máa ń fi parí ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù yín. Báyìí ló ṣe máa ń lọ: kí olùjẹ́jọ́ máa san ₦20,000 lóṣooṣù fún oúnjẹ àwọn ọmọ, kí ó sì máa gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ àti ìlera wọn. Iye owó lè yàtọ̀ láti ẹjọ́ dé ẹjọ́, gbólóhùn náà kì í yí padà. Òun ló fa lẹ́tà yìí. Ìdajì àkọ́kọ́ ní iye, kò ní àlàyé. Ìdajì kejì ní orúkọ, kò ní iye. Inú àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni bàbá ti ń yọ owó tí kò yẹ kó yọ, ibẹ̀ náà sì ni ìyá ti ń sọ pé bàbá ò san owó tó ti san.

Ohun kan ni mo ń béèrè. Owó tí bàbá bá san tààrà fún ilé ìwé, ilé ìwòsàn tàbí onílé, kí ẹ kà á mọ́ ohun tó san. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́ sínú àṣẹ ṣáájú. Kò gbọdọ̀ jẹ́ bàbá ni yóò máa jókòó sílé yọ ọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn.

1. Agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Abala 14 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú láti ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀, níwọ̀n bí agbára wọn bá ṣe mọ. Ìpínlẹ̀ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ti sọ òfin náà di tiwọn. Ó ní “àwọn òbí”, bàbá àti ìyá nìyẹn. Ó ní “agbára wọn”, ìyẹn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wọlé fún oníkálukú kí ẹ tó dárúkọ iye kankan. Òfin Ọ̀ràn Ìgbéyàwó ti 1970, tí ilé ẹjọ́ gíga ń lò fún ìgbéyàwó abẹ́ òfin, kì í ṣe tiyín, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ wúlò: ó ní kí adájọ́ wo ohun tó ń wọlé fún ọkọ àti aya àti agbára tí wọ́n ní láti ṣiṣẹ́, ó sì fún adájọ́ láyè láti yí àṣẹ owó padà, láti dá a dúró, tàbí láti jí i dìde.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ìjókòó yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n á bi ọkùnrin pé èló ló lè san. Á ní ₦5,000. Obìnrin á ní ₦30,000. Wọ́n á gé e sí àárín. Bí wọ́n ṣe ń ná iṣu nìyẹn.

2. Ìṣirò náà kò le, kò sì gbà ju ojú ìwé kan lọ. Ká ní owó tó ń wọlé fún bàbá lóṣù, lẹ́yìn owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, jẹ́ ₦210,000. Ìyá ń gba ₦70,000, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní 2024. Ọmọ méjì wà lọ́dọ̀ ìyá.

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ìnáwó àwọn ọmọ jọ, kí ẹ sì sọ ọ́ di ti oṣù kan. Owó ilé ìwé jẹ́ ₦45,000 fún ọmọ kan ní táàmù kan. Ọmọ méjì, táàmù mẹ́ta, ó di ₦270,000 lọ́dún. Ẹ pín in sí méjìlá, ó di ₦22,500. Ìwé, aṣọ ilé ìwé àti bàtà gba ₦96,000 lọ́dún, ìyẹn ₦8,000 lóṣù. Owó ilé tí ìyá ń san jẹ́ ₦360,000 lọ́dún, ₦30,000 lóṣù; ẹ ka ìdajì rẹ̀ sí ti àwọn ọmọ, ₦15,000. Oúnjẹ ₦50,000. Owó ọkọ̀ lọ sílé ìwé ₦12,000. Lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ilé ìwé, ₦5,000. Ìlera ₦7,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦120,000.

Ẹ wá pín in bí agbára ṣe mọ. Ìlọ́po mẹ́ta owó ìyá ni bàbá ń gbà, nítorí náà ₦90,000 ni ti bàbá, ₦30,000 ni ti ìyá. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá yọ ohun tí bàbá fẹ́ máa san tààrà: owó ilé ìwé ₦22,500, ìwé àti aṣọ ₦8,000, ìlera ₦7,500. Ó di ₦38,000. Ohun tó kù tí yóò máa fi ránṣẹ́ sí ìyá jẹ́ ₦52,000.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láti òdìkejì kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ìyá gba ₦52,000, ó fi ₦30,000 tirẹ̀ lé e, ó di ₦82,000. Ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni oúnjẹ, ọkọ̀, ilé àti lẹ́sìn: ₦50,000, ₦12,000, ₦15,000, ₦5,000. Ó jẹ́ ₦82,000 géérégé. Bí àpapọ̀ méjèèjì kò bá bára mu, ẹ ti gbàgbé nǹkan kan, tàbí ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

3. Kíkà á lẹ́ẹ̀mejì gan-an ni àrùn tó wọ́pọ̀ jù. Nígbà tí ilé ìwé bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, bàbá á san ₦90,000 fún ọ̀gá ilé ìwé. Ní oṣù yẹn kò ní fi ₦52,000 ránṣẹ́. Bí wọ́n bá bi í, á ní, “Ṣé ẹ kò rí i pé mo ti san owó ilé ìwé ni?” Òótọ́ ni, ó san án. Ṣùgbọ́n a ti yọ owó ilé ìwé yẹn kí a tó dé orí ₦52,000. Ó ń yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ní oṣù Kìíní àti nígbà tí táàmù kẹta bá wọlé, ₦156,000 ti fò lọ lọ́dún kan. Oúnjẹ oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ọmọ kì í jẹ rìsíìtì.

Mi ò ní pe gbogbo ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìkà. ₦90,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú owó oṣù ₦210,000 máa ń dun ẹni tí kò bá tọ́jú nǹkan kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí àṣẹ yín pàṣẹ bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀: kí ₦22,500 máa wọ àkáǹtì ọ̀tọ̀ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lóṣooṣù, kí ó sì dé ilé ìwé kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé kò lè tọ́jú owó, ẹ má fi owó ilé ìwé sí ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kó máa fi ₦74,500 ránṣẹ́ lóṣooṣù, kí ìyá máa san ilé ìwé. Ọ̀nà méjèèjì dára. Èyí tí kò dára ni kí ẹ má yan ọ̀kankan.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ rú yín lójú. Àwọn ìyá náà wà tí wọ́n ń padà wá sọ ní kóòtù pé ọkùnrin jẹ gbèsè ọdún kan, nígbà tí ọkùnrin náà ní rìsíìtì ilé ìwé ₦270,000 lápò. Ìwé àkọsílẹ̀ akọ̀wé kóòtù kò ní ju ojú ìlà kan lọ, ojú ìlà “oúnjẹ”. Bí ojú ìlà yẹn bá ṣófo, bàbá ti di ajẹgbèsè, ohun yòówù tó ti san níbòmíràn.

4. Èwo ni kí ẹ kà, èwo ni kí ẹ má kà? Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń fi yẹ owó wò. Ṣé ó wà nínú àkọsílẹ̀ kí wọ́n tó san án? Ṣé ọwọ́ ẹni tó ni gbèsè ló bọ́ sí, bí ilé ìwé tàbí onílé? Bí bàbá kò bá san án, ṣé ìyá ì bá ti san án dandan? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kà á pátápátá. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ dúró rò ó.

Aṣọ Kérésì, bàtà iléyá, fóònù, kéèkì ọjọ́ ìbí: ẹ̀bùn ni wọ́n. Bàbá ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò kan owó oúnjẹ. Àpò gààrí tí ìyá bàbá gbé wá fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà, oore ìyá àgbà ni. Owó tí ọkùnrin fún obìnrin láti fi dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pínyà kì í ṣe owó ọmọ, bó ti wù kó tóbi tó. Bí ìyá bá sì fẹ́ ọkọ mìíràn, owó ọkọ tuntun kò dín ojúṣe bàbá kù ní kọ́bọ̀.

Ilé ìwé ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bàbá kan lè dìde lọ mú ọmọ kúrò ní ilé ìwé ₦45,000 lọ sí ti ₦150,000 láìbá ìyá sọ ọ́, kó wá ní kí wọ́n yọ ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú owó oúnjẹ. Ìyá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó sì gbé ìwé owó náà ránṣẹ́ sí bàbá. Òfin kan náà ni kí ó de àwọn méjèèjì: iye tí àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sí ni ẹ ó kà, ẹni tó gbé e kọjá ibẹ̀ ni yóò san àfikún. Ẹ rántí pé òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nílé ìwé ìjọba di ọ̀fẹ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé ilé ìwé olówó ńlá ni dandan.

Adójútòfò ìlera nílò ojú tó mọ́lẹ̀. Bàbá tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ ètò NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, lè fi orúkọ ọkọ tàbí aya àti ọmọ mẹ́rin tí wọn kò tíì pé ọdún 18 sílẹ̀. Wọn kì í gba owó mìíràn lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn. Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá wá béèrè pé kí wọ́n yọ owó ìlera fún òun, kò sí ohun tó ná síbẹ̀ tí ẹ ó yọ. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ pàṣẹ pé kó forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 30, kó sì mú nọ́ńbà wọn wá fún akọ̀wé. Ẹ tún bi í bí àyè mẹ́rin náà bá ti kún fún àwọn ọmọ ìyàwó tuntun. Ìbéèrè yìí kì í jáde ní kóòtù, ọjọ́ tí ibà bá mú ọmọ ni ìyá máa ń mọ̀.

Ọ̀rọ̀ gbèsè ló kù. Ọkùnrin á gbé ìwé owó oṣù wá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kà ₦64,000, nítorí pé alájẹṣẹ́kù ti yọ owó ẹ̀yáwó ọkọ̀. Ẹ má wo ìsàlẹ̀. Ẹ wo òkè, kí ẹ yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì nìkan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí owó ọmọ rẹ̀ kéré á kàn lọ yá owó ni.

5. Ìsinmi, àti àwọn ọmọ mìíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà, CMS (Child Maintenance Service), iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí owó ọmọ, ló ń ṣírò owó yìí. Bí ọmọ bá ń sùn lọ́dọ̀ bàbá ní alẹ́ 52 sí 103 lọ́dún, wọ́n á dín owó náà kù ní ìdá kan nínú méje. 104 sí 155, ìdá méjì. 156 sí 174, ìdá mẹ́ta. Bó bá lé ní 174, ìdajì. Àwa kò ní ẹni tí yóò máa ka alẹ́. Ṣùgbọ́n ìsinmi ọdún gígùn rọrùn láti kà. Owó ilé àti owó ilé ìwé kì í dín kù nítorí pé ọmọ lọ kí bàbá rẹ̀, oúnjẹ nìkan ló ń dín kù. Nínú ìṣirò òkè yìí, ₦37,500 ni ti bàbá nínú oúnjẹ oṣù. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko tí àwọn ọmọ bá lò lọ́dọ̀ rẹ̀, kó yọ ìdá kan nínú mẹ́rin, ₦9,375, kó fi ìyókù ránṣẹ́. Kó má wá béèrè ₦3,125 ti ìyá lórí oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọmọ rẹ̀ náà ni.

Bí bàbá bá ní ọmọ mìíràn nílé, ẹ ka àwọn ọmọ náà, ẹ má ka ìyàwó. CMS máa ń kọ́kọ́ yọ ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, 14 bí wọ́n bá jẹ́ méjì, 16 bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè yá èyí lò.

Ìlànà kan tún wà níbẹ̀ tó dára. Bí bàbá bá san owó ilé, owó iná tàbí àtúnṣe ilé tí kò ṣeé má ṣe tààrà, wọ́n lè kà á sí owó ọmọ, ṣùgbọ́n àfi bí ẹni tó ń gba owó ọmọ bá ti gbà pé kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ìyá ló mọ̀ bóyá iná ni kókó lóṣù yẹn tàbí ìrẹsì.

6. Sísan owó nípasẹ̀ akọ̀wé kóòtù. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ dára: kí ẹlẹ́rìí wà. Ṣùgbọ́n obìnrin á wọ ọkọ̀ wá, á bá ẹnu ọ̀nà ní títì, á tún padà wá lọ́jọ́ kejì, owó ọkọ̀ ti jẹ nínú owó oúnjẹ. Báńkì náà jẹ́ ẹlẹ́rìí. Kí bàbá fi owó sí àkáǹtì ìyá, kó kọ ohun tó wà fún àti oṣù rẹ̀ sórí rẹ̀: “Oúnjẹ, Oṣù Kẹwàá”. Owó tí kò bá ní àkọlé, kí ẹ kà á sí oúnjẹ oṣù yẹn. Kí owó tí wọ́n fún ọmọ lọ́wọ́ mú lọ sílé má wọ ìwé rárá.

7. Àwọn àṣẹ àtijọ́. Àṣẹ ₦5,000 tí ẹ pa ní 2019 ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé. Ní ọdún yẹn, ₦30,000 ni owó oṣù tó kéré jù, ₦5,000 sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀. Lára ₦70,000 ti 2024, ìdá kan nínú mẹ́rìnlá ni. Láàárín, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, lítà epo fò láti nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó rú àṣẹ yín, síbẹ̀ àṣẹ náà ti kú. Bàbá tó sì padà sílé nítorí pé iléeṣẹ́ rẹ̀ tì wà lábẹ́ àṣẹ tí kò lè tẹ̀ lé, gbèsè ń gùn lórí rẹ̀, ó wá dákẹ́, kò san nǹkan kan mọ́. Kí ọjọ́ àtúnyẹ̀wò wà nínú gbogbo àṣẹ. Oṣù Keje ló dára jù, kí ilé ìwé tó wọlé. Bí owó tó ń wọlé fún ẹnì kan bá yí padà ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó lè wá láìdúró de oṣù Keje. Ṣùgbọ́n títí ẹ óò fi sọ̀rọ̀, àṣẹ àtijọ́ ni kí wọ́n máa tẹ̀ lé.

8. Bàbá tó wà lókè òkun. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ìyá pé kó lọ bá CMS. CMS kì í sábà gba ẹjọ́ ọmọ tó ń gbé ní Nàìjíríà. Kóòtù tiyín ló kù fún un. Dúrọ́ọ̀mù aṣọ àti bàtà tó fi ránṣẹ́ jẹ́ ẹ̀bùn, bí mo ti sọ lókè. Iye náírà tó balẹ̀ sínú àkáǹtì ìyá ni kí ẹ kà, kì í ṣe iye pọ́ùn tó sọ pé òun fi ránṣẹ́.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò ní kí ìjọba ná owó. Kí akọ̀wé kóòtù ní ìwé àkọsílẹ̀ tó ní ojú ìlà márùn-ún: oúnjẹ àti ọkọ̀, ilé ìwé, ìlera, ilé, àti àwọn ohun tí ẹ fọwọ́ sí lọ́tọ̀. Kí tọkọtaya kọ ìnáwó ọmọ àti ohun tó ń wọlé fún wọn sójú ìwé kan kí wọ́n tó wọ iwájú yín, kí ìwé owó oṣù oṣù mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀. Fún ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ìwé owó oṣù, kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́fà àti ìwé àjọ wọn wá. Kí ẹ dáhùn ẹ̀bẹ̀ àtúnyẹ̀wò láàárín ọjọ́ 30.

Kí ẹ sì fi èyí rọ́pò gbólóhùn àtijọ́ náà, kí ẹ máa yí iye padà bí ẹjọ́ bá ṣe rí:

“Kí olùjẹ́jọ́ máa fi ₦52,000 sí àkáǹtì olùpẹjọ́ lóṣooṣù, kí ọjọ́ karùn-ún tó kọjá, fún oúnjẹ, ọkọ̀, ilé àti lẹ́sìn àwọn ọmọ méjèèjì. Kí ó san owó ilé ìwé, tí kò ju ₦90,000 lọ ní táàmù kan, tààrà fún ilé ìwé kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì mú rìsíìtì rẹ̀ fún akọ̀wé láàárín ọjọ́ méje. Kí ó san ₦96,000 lọ́dún fún ìwé, aṣọ ilé ìwé àti bàtà, àti ₦7,500 lóṣù fún ìlera. A ti ka àwọn owó tààrà wọ̀nyí kí a tó dé orí ₦52,000. Kò gbọdọ̀ yọ wọ́n mọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì má mú ọmọ lọ sí ilé ìwé mìíràn láìsí ìfọwọ́sí ẹnì kejì tàbí ti kóòtù yìí. Ẹjọ́ yìí yóò padà wá fún àtúnyẹ̀wò ní oṣù Keje ọdún tó ń bọ̀.”